Ẹṣin Kì í Jẹ Ìyìn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àwíjàre lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Mowé, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀, èyí nì ni pé, "Ilẹ̀ wa kò gba ẹṣin." Nígbà tí ẹṣin bá kú mọ́ ẹni tí ó rà á lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn aládùúgbò fi ń tù ú nínú. Òun náà a sì tètè gbà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ènìyàn kì í ṣòro láti gbà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáradára, nítorí pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ìdajì kejì sì ń pa ẹran tí kò ṣẹ̀.

Ìdajì tí ó jẹ́ òtítọ́ nìyí. Ọ̀yọ́ Ilé ti àtijọ́ wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí koríko pọ̀ tí igbó kò sì dí. Síbẹ̀ láti òkè, lọ́nà Nupe àti Ìbàrìbá àti ilẹ̀ Haúsá, ni Ọ̀yọ́ pàápàá ti ń ra ẹṣin tí ó fi ń jagun. Bí ènìyàn bá sì ti ń sọ̀kalẹ̀ sí ìhà òkun ni ẹṣin ń dínkù. Ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú fi ń rìn lọ sí ojú ìjà. Ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin bá Ìbàdàn pàdé ní Òṣogbo, ọwọ́ Ìbàdàn ni ìṣẹ́gun bọ́ sí. Igbó kì í ṣe ibi tí ẹṣin ti ń fi agbára rẹ̀ hàn, eṣinṣin tsetse tí ń gbé inú igbó àti etí odò sì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1894 àti 1895 ni David Bruce, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, rí kòkòrò àrùn tí ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹran tí ń rù ní ilẹ̀ Súlú, ó sì fi hàn pé eṣinṣin yìí ni ó ń gbé e láti ara ẹran kan dé ara òmíràn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ìdajì kejì. Bí ilẹ̀ etí òkun kò bá gba ẹṣin rárá, báwo ni ti Ìkòyí ní Èkó ṣe jẹ́? Láti ọdún 1904 ni àwọn tí ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù tí a ń pè ní pólò ti ní ẹgbẹ́ wọn ní Èkó, ẹṣin wọn sì ń gbé níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ìkòyí sún mọ́ òkun ju Ìfọ̀ lọ. Ẹ̀fọn rẹ̀ kò kéré sí ti Ìbàfò, oòrùn rẹ̀ kò sì tutù ju ti Mowé. Ohun tí ó wà níbẹ̀ tí kò sí ní ẹ̀yìn ilé ẹni tí ó so ẹṣin rẹ̀ mọ́ ọgbà ni koríko ní àkókò, omi tí ó mọ́, àti dókítà ẹran tí a ń pè kí ẹran tó dùbúlẹ̀. Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ilẹ̀ nìkan, bí kò ṣe ti ìmọ̀ pẹ̀lú.

Láti ìgbà tí a ti ṣí ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, Mowé àti Ìbàfò ti di ojú ọ̀nà tí ẹran òkè ń gbà dé ọjà Kara ní ẹ̀bá odò Ògùn. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ẹṣin kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ẹni tí yóò bá a wá a. Àwọn ohun tí ń mú kí a fẹ́ ẹ sì pọ̀ sí i: ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìwúyè, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọjọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun, bí irú ti Balógun Kúkù, ń gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀. Ohun ẹwà ni, kò sì sí ẹni tí ó ní ọkàn rere tí yóò sọ pé kí ó parun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí ẹṣin ní ọjọ́ ọdún, tí a fi aṣọ aláràbarà àti ìleke ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kò rí i ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, nígbà tí a so ó mọ́ igi pẹ̀lú okùn tí kò gùn tó apá méjì, tí ìhà rẹ̀ ṣeé kà, tí ó sì ń jẹ ohun tí ilé ìdáná dà sóde. Ìyìn ni a fi bọ́ ọ ní ọjọ́ ọdún. Ẹṣin kì í sì jẹ ìyìn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹlẹ́ṣin mọ̀ ni pé ẹṣin kì í ṣe màlúù. Àṣìṣe yìí ni orísun ọ̀pọ̀ ikú. Màlúù ní ikùn oníyàrá mẹ́rin, a máa jẹ àpọ̀jẹ, ó sì lè gbé oúnjẹ púpọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan kí ó tó jókòó lọ̀ ọ́ ní ìrọ̀rùn. Ẹṣin kì í jẹ àpọ̀jẹ. Ikùn kan ṣoṣo ni ó ní, ikùn náà sì kéré fún ẹran tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀: kò ju ohun tí yóò gba lítà mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, èyí tí kò kún kẹ́ẹ̀gì omi kan. Ọlọ́run dá a láti máa jẹ díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀gànjọ́. Ní pápá, a máa jẹ koríko fún wákàtí mẹ́rìndínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan. Ìfun ńlá rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ni ibi tí koríko ti ń di agbára, nípa iṣẹ́ àwọn kòkòrò àìrí tí ń gbé ibẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹṣin kò lè bì. Ohun tí ó bá wọ inú rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú. Kò sí ọ̀nà àbáyọ láti ẹnu.

Ẹni tí ó bá ní òye ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, pé ikùn rẹ̀ kéré, pé ìfun ńlá rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, àti pé kò lè bì, ti mọ ìdí tí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà bọ́ ẹṣin fi léwu. Wọ́n á fi ebi pa á láti òwúrọ̀, nítorí pé olówó rẹ̀ ti lọ sí ẹnu iṣẹ́ ní Èkó. Ní alẹ́, wọn á da àgbàdo kún garawa níwájú rẹ̀. Ẹran tí ebi ń pa kò ní mọ ìwọ̀n. Ọkà tí ikùn kékeré náà kò lè dà tán yóò ṣàn lọ sínú ìfun ńlá, yóò kan níbẹ̀ bí ògì tí a gbàgbé, afẹ́fẹ́ yóò kún inú, oró tí ó ti inú rẹ̀ jáde yóò sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ dé pátákò. Nígbà míràn inú ni yóò pa ẹṣin náà ní òru yẹn gan-an. Nígbà míràn yóò yè, ṣùgbọ́n pátákò rẹ̀ yóò gbóná, kò ní lè fi ẹsẹ̀ iwájú tẹ ilẹ̀, yóò sì di arọ. Lẹ́yìn èyí ni a óò máa béèrè ẹni tí ó ju nǹkan sí i lẹ́sẹ̀.

Kí ó má bàa jẹ́ pé ojú ni a fi ń díwọ̀n oúnjẹ, ọ̀nà kan wà tí ènìyàn fi lè mọ ìwúwo ẹṣin láìní òṣùwọ̀n ńlá. Kí ó mú téèpù aránṣọ, kí ó fi yí àyà ẹṣin ká ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú. Kí ó sì wọn gígùn ara rẹ̀ láti orí èjìká dé ìdí. Kí ó sọ ìwọ̀n àyà di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ó fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó sì fi 11,880 pín in. Bí àyà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, tí gígùn sì jẹ́ 140, ẹṣin náà wọn nǹkan bí kílógíráàmù 265, èyí tí kò jìnnà sí ìwọ̀n ọ̀pọ̀ ẹṣin òkè tí ń wá sí ìhà ọ̀hún. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá mọ ìṣirò yóò ṣe é láìlágùn. Ó sì sàn kí baba rẹ̀ fi ẹṣin kọ́ ọ ní ìṣirò ju kí ó fi ìṣirò gbèsè kọ́ ọ lọ.

Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ nílò nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ ní oúnjẹ gbígbẹ lójoojúmọ́, èyí tí í ṣe kílógíráàmù márùn-ún àti díẹ̀. Nítorí pé omi ni ó pọ̀ jù nínú koríko tútù, kílógíráàmù márùn-ún yẹn yóò jẹ́ bí ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí koríko bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Ìdì kan tí ọmọdé gbé sórí kẹ̀kẹ́ kò tó. Bí ẹṣin bá ń ṣiṣẹ́, a lè fi ọkà bàbà tàbí àgbàdo tí a fọ́ díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n kí ó má ju kílógíráàmù kan lọ ní ìjókòó kan, kí ó sì jẹ́ lẹ́yìn tí ó ti jẹ koríko. Bí a bá fẹ́ yí oúnjẹ rẹ̀ padà, kí a fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ní ti omi, kò yẹ kí ọpọ́n rẹ̀ gbẹ rárá: lítà ogún sí ogójì ni yóò mu ní ọjọ́ kan, a sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru tàbí iṣẹ́. Iyọ̀ ìdáná, bí ogún sí ọgbọ̀n gíráàmù lójoojúmọ́, a máa dá ohun tí ó bá òógùn lọ padà fún un. Àwọn kan a máa fi kán-ún rọ́pò rẹ̀; kán-ún kì í ṣe iyọ̀.

Níbo wàyí ni koríko yóò ti wá? Ìbéèrè yìí ni ẹni tí ń ra ẹṣin kì í béèrè títí yóò fi so ó mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ igbó àti ọ̀dàn ní Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ogójì ọdún sẹ́yìn ti di ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì àti ojúlé tí a fi òpó mẹ́rin sààmì sí. Ohun tí ó kù ni etí ọ̀nà àti àbàtà. Koríko etí ọ̀nà ńlá kún fún ọ̀rá omi mímu, bí ẹṣin bá sì gbé ọ̀rá mì, ó lè dí ìfun rẹ̀ pa. Ibòmíràn, wọ́n ti fi oògùn pa koríko náà, ẹni tí ó gé e kò sì mọ̀. Ní àbàtà etí odò ni èèsún ti ń hù dáradára, èyí sì ni olùtọ́jú ẹṣin ń lọ gé.

Èèsún dára, koríko gínì pẹ̀lú dára, ṣùgbọ́n àléébù kan wà tí ó farasin nínú wọn, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba nítorí pé ó máa ń pẹ́ kí ó tó fi ara hàn. Ọ̀pọ̀ koríko ilẹ̀ olóoru ní ohun kan tí ń di kálísíọ̀mù mú, tí kò fi jẹ́ kí ara ẹṣin rí i lò. Kálísíọ̀mù ni egungun fi ń le. Bí a bá wá ń fi èèrí àlìkámà, èyí tí àwọn ará òkè ń pè ní dùsà, bọ́ ẹṣin náà lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀ràn náà burú sí i, nítorí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú èèrí pọ̀ ju kálísíọ̀mù inú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ara ẹṣin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yá kálísíọ̀mù láti inú egungun tirẹ̀, bí ẹni tí ń fa igi àjà yọ láti fi dáná. Egungun ojú àti àgbọ̀n a wú, ẹsẹ̀ a máa tiro láìsí ọgbẹ́, eyín a mì. Ẹṣin tí ó yó nìyí, tí ebi egungun sì ń pa. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro: kí a dín èèrí kù, kí a máa fi ìtàkùn ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ kún koríko, kí a sì bi dókítà ẹran léèrè ìwọ̀n òkúta ẹfun lílọ̀ tí ó yẹ kí a pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Òkúta yìí kan náà, tí a ń wà ní Ewékorò nítòsí Ìfọ̀ láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, ni àwọn olùsìn adìẹ ń rà ní lílọ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹran. Ti ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹran ni kí a rà o. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe oúnjẹ.

Nígbà tí a ti dárúkọ adìẹ, ó yẹ kí a sọ ohun tí ó burú jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìpínlẹ̀ Ògùn kún fún àwọn tí ń sin adìẹ, àpò oúnjẹ adìẹ sì rọrùn láti rí ju ìdì koríko lọ. Ẹlẹ́ṣin a wò ó, a rí i pé ó ní àgbàdo, ó ní sóyà, a sì rò pé bí ó bá ń mú adìẹ sanra, yóò mú ẹṣin sanra. Oògùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ monensin, tí a máa ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ kí àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ má bàa pa wọ́n. Kì í ṣe adìẹ ní ibi. Ṣùgbọ́n mílígíráàmù méjì sí mẹ́ta rẹ̀ fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan tó láti pa ẹṣin, nígbà tí adìẹ lè fara da èyí tí ó tó ìlọ́po ọ̀pọ̀lọpọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣan ọkàn ni ó ń bàjẹ́. Ẹṣin náà yóò làágùn, yóò ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, yóò sì ṣubú. Kò sí oògùn tí ń pa oró rẹ̀. Fún ìdí èyí, oúnjẹ adìẹ kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹṣin, ì báà ṣe èyí tí ó ṣẹ́kù nínú àpò, àti pé garawa tí a fi bu ti adìẹ kò gbọdọ̀ wọ ibùso.

Àgbàdo tí ó bu náà wà níbẹ̀. Àgbàdo àkọ́rọ̀ tí a kórè nínú òjò, tí a kó jọ kí ó tó gbẹ, a máa hu funfun tàbí àwọ̀ òdòdó. Ìyàwó ilé kì í fi ṣe ògì, ṣùgbọ́n ó rò pé ẹran lè jẹ ẹ́. Oró kan wà nínú irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ tí a ń pè ní fumonisin, kò sì sí ẹran ọ̀sìn tí ó ń tètè pa tó ẹṣin. Ọpọlọ ẹṣin a rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù. A máa yí po ní ojú kan, a máa fi orí sọ ògiri, ojú rẹ̀ a fọ́, a sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí àrùn tí ó jọ àsásí tó èyí. Ta ni yóò sì dá àgbàdo lẹ́bi, nígbà tí ẹni tí a kò fẹ́ràn wà ní ìtòsí?

Ní Ìfọ̀, níbi tí a ti ń ṣe gàrí, èèpo ẹ̀gẹ́ tútù kún ilẹ̀. Oró wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò bá sì sá a gbẹ dáradára kò gbọdọ̀ fún ẹran kankan jẹ. Gàrí fúnra rẹ̀ kò sàn jù fún ẹṣin: bí ó bá jẹ ẹ́ ní gbígbẹ, yóò wú sí i lọ́fun tàbí nínú ikùn kékeré náà, a sì ti sọ pé kò lè bì. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ẹṣin wà tí gàárì dáradára wà lẹ́yìn wọn, tí ó sì jẹ́ gàrí ni ó wà nínú wọn.

Àmì inú rírun kò farasin fún ẹni tí ó bá ń wo ẹran rẹ̀. Ẹṣin náà kò ní jẹun. Yóò máa yíjú wo ìhà rẹ̀, yóò máa fi ẹsẹ̀ walẹ̀, yóò máa dùbúlẹ̀ tí yóò sì máa dìde, yóò máa yí gbirigbiri, òógùn yóò bò ó, kò sì ní yàgbẹ́. Kí a kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí a máa mú un rìn jẹ́jẹ́ bí ó bá lè rìn, kí a sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran láìdúró di òwúrọ̀. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a na orí rẹ̀ sókè kí a sì máa da epo pupa tàbí àgbo sí i lẹ́nu tàbí ní imú, nítorí pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń gbà lọ, ẹran tí ì bá ti inú rírun yè a sì ti ipa ìtọ́jú kú.

Nísinsìnyí ni ọ̀rọ̀ kan eṣinṣin, èyí tí gbogbo ènìyàn ń fi ṣáájú. Àrùn tsetse kò tí ì kúrò ní etí odò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé níbi tí igbó ti kúrò, eṣinṣin náà kì í rí ibi fara pamọ́ sí. Ibà tí ń lọ tí ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ń dínkù títí ìpéǹpéjú inú fi funfun, wíwú ní abẹ́ ikùn, àti rírù lójú oúnjẹ ni àmì rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Nítorí náà ẹni tí ó bá ra abẹ́rẹ́ ní ọjà tí ó sì gún ẹṣin láì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ń ta tẹ́tẹ́, pàápàá nítorí pé díẹ̀ nínú oògùn tí màlúù ń gbà láìsí wàhálà a máa ṣe ẹṣin ní jàǹbá bí ó bá pọ̀ jù. Àrùn kejì, tí a ń pè ní àìsàn ẹṣin ti Áfíríkà, kò nílò igbó rárá. Kantíkantí tí ń jáni láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó ń gbé e kiri. Èyí tí ó le jù nínú rẹ̀ a máa mú ẹṣin mí hẹlẹhẹlẹ, fóòmù a yọ ní imú rẹ̀, a sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún 1987, àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà tí a kó láti Nàmíbíà gbé e dé ilẹ̀ Sípéènì. Ní ọdún 2020 ó dé Thailand, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹṣin sì kú. Nítorí náà kì í ṣe ilẹ̀ Ẹ̀gbá nìkan ni ó ń bá jà. Kí a kó ẹṣin wọ inú ibùso tí a fi àwọ̀n dí kí oòrùn tó wọ̀, kí a má so ó mọ́ ẹ̀bá omi tí ó dúró, kí a sì bi dókítà léèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti àìsàn yìí àti ti tẹ́tánọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ẹṣin tí ara rẹ̀ le nípa oúnjẹ a máa fara da ohun tí yóò pa èyí tí ebi ti sọ di egungun.

Ti eyín, pátákò àti aràn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wo eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, kí a máa gé pátákò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí a sì máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò lójoojúmọ́.

Ta ni ó yẹ kí a kọ́ ní gbogbo èyí? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé, olùtọ́jú ẹṣin ni. Èyí kò tọ́. Olùtọ́jú tí ó ti òkè wá, tí a bí sí ìdí ẹṣin, mọ̀ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Ó mọ ìtàkùn ẹ̀pà, ó mọ ẹran tí ara rẹ̀ kò yá láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n agbára kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá béèrè owó koríko, a ó sọ fún un pé koríko ni Ọlọ́run ń hù lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá sọ pé kí a má gun ẹṣin lónìí, a ó sọ pé àlejò ti dé. Bí ẹran bá wá kú, òun ni olè tí ó ta oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tí ó ni owó ni ó ni àṣẹ, ẹni tí ó sì ni àṣẹ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́. Nínú Ìwé Mímọ́ pàápàá, àwọn ìjòyè Sólómọ́nì ni a yàn láti máa pèsè ọkà báálì àti koríko fún àwọn ẹṣin ọba, olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀. A kò fi í sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀ láti wá a kiri.

Àwọn kan yóò wí pé owó kò sí. Bí owó oúnjẹ kò bá sí, owó ẹṣin náà kò sí, nítorí pé iye tí a fi rà á ni ó kéré jù nínú ohun tí yóò ná ni. Ẹni tí ó ń fẹ́ ẹṣin fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ó yá a fún ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tí ń bọ́ ọ dáradára. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹni tí ó sì fẹ́ ní tirẹ̀, kí ó wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta mọ́ra ní Mowé tàbí Ìbàfò tàbí Ìfọ̀, kí wọ́n jọ gba ilẹ̀ kan, kí wọ́n gbin koríko gínì àti ẹ̀wà sí i, kí wọ́n sì jọ máa pe dókítà ẹran kan wá ní àkókò tí wọ́n bá dá. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Alábàtà lẹ́bàá Abẹ́òkúta, òmíràn sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ nílò ẹṣin láti wò gẹ́gẹ́ bí ẹṣin ti nílò ẹni tí yóò wò ó. Kí àwọn ẹlẹ́ṣin bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá kọ́ni ní ọjọ́ kan ṣáájú Iléyá, nígbà tí ọkàn gbogbo ènìyàn wà lọ́dọ̀ ẹṣin, tí kò sì tí ì pẹ́ jù.

Ní ti koríko ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí ó yẹ kí a ronú rẹ̀ ni oṣù Bélú, nígbà tí òjò bá ń parí lọ, kí koríko tó gbó tí yóò dà bí igi. Kí a gé e ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí ìrì bá gbẹ, kí a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú oòrùn, kí a máa yí i padà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Èyí tí ó bá gbẹ láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí àwọ̀ ewé ṣì wà lára rẹ̀ tí òórùn rẹ̀ sì dùn, ni kí a kó sórí pẹpẹ igi lábẹ́ òrùlé, kí ó má kan ilẹ̀. Èyí tí òjò bá pa tí ó sì bu, kí a má ṣe fún ẹṣin jẹ, kí a má sì ṣe tẹ́ ẹ sí ibùso rẹ̀. Kí a kó o lọ sí oko láti fi bo orí ebè iṣu.